Ẹjọ́ Ìyẹ́ Saráúníyà

"Ìyá Ràfíátù, ẹ ṣọ́ ọmọ yín o. Gbogbo wọn ló ń pè é kó wá dájọ́, kò sí ẹni tó ń pè é kó wá jókòó." Olùkọ́ kíláàsì ọmọ mi ló kìlọ̀ báyìí fún mi ní ẹnu géètì ilé-ìwé wọn ní Dogarawa, nígbà tí mo lọ mú ọmọ náà bọ̀ wálé. Obìnrin Kàbbà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára. Nígbà tó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rò pé ó fẹ́ sọ pé ara ọmọ mi kò yá ni. Mo ti fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà bóyá ó gbóná kí n tó gbọ́rọ̀ tán. Ó ṣàlàyé pé àwọn ọmọ kíláàsì wọn fẹ́ràn àwọn akọni inú kọ́míìkì, wọn a ní kí akọni yìí bá akọni yẹn jà, wọn a sì máa jiyàn lórí agbára tó yẹ kí a kà àti èyí tí kò yẹ kí a kà. Tí iyàn bá le, Ràfíátù ni wọ́n máa ń ké sí, nítorí kì í ṣègbè. Tó bá ti dájọ́ tán, wọn a ṣí lọ, òun nìkan a sì jẹ oúnjẹ rẹ̀ ní ìdí ògiri. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, a kọjá títì. Títí a fi délé, ohun tí mo ń rò ni pé èmi náà ti jókòó ní ìdí ògiri bẹ́ẹ̀ rí. Ní Muchia ní Zaria ni, ní ọdún tí ìyá mi lọ tọ́jú ìyá tirẹ̀ ní Ìlọrin.

Ilé tí à ń gbé nígbà náà jẹ́ ilé ọlọ́pọ̀ yàrá tó yí àgbàlá ká, kànga sì wà láàrin. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní oko yunifásítì, á sì ti jáde kí n tó jí, nítorí náà Ìyá Sàmàrú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló ń tọ́jú mi. Ohùn ni mo fi ń mọ àkókò nínú ilé yẹn. Ìpè àdúrà á kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà ni a ó gbọ́ ìró ike tí wọ́n sọ sínú kànga àti okùn tí ń ha etí rẹ̀, lẹ́yìn náà epo tí ń hó níwájú ilé, níbi tí ìyá Rabi ti ń din àkàrà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kósáì. Tí oòrùn bá gòkè, a ó gbọ́ sálúbàtà àwọn ọmọ yunifásítì tí ń sáré lọ síbi ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo ohùn a dákẹ́. Àkókò yẹn ni ìyá mi máa ń ṣa ẹ̀wà tẹ́lẹ̀, tí á máa kun orin kan tí kò lọ́rọ̀ nínú, òkúta á sì máa bọ́ sínú abọ́ páànù bí ó ti ń ṣà wọ́n kúrò. Ní ọdún yẹn, èmi ni mo ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbìyànjú láti kun orin náà, kò jọ ọ́. Ìyá Sàmàrú kò kọrin rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó máa ń ro túwó tó dán, ó máa ń se ọbẹ̀ kúkà, ìyẹn ewé oṣè, tó dùn, ó sì máa ń wo ẹnu mi títí n óò fi gbé òkèlè ìkẹyìn mì, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ já a gbà. Ọkọ̀ ti pa ọmọ kan mọ́ ọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí mi. Kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá fọn fèrè lójú títì, ohunkóhun tó bá ń ṣe, á dúró, á ní, "Àṣàkẹ́?" N óò ní, "Mo wà níbí, Ìyá." Á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi náà ti di ìyá báyìí, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé mò ń ṣe é.

Ní Zaria, a kì í ti ìta bọ́ sí àgbàlá lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí a máa kọ́kọ́ gbà kọjá, sáúrè ni wọ́n ń pè é. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà ní ìpẹ̀kun sáúrè tiwa, níbi tó ti kojú sí ìta. Ìyá Sàmàrú ní ẹsẹ̀ mi kò gbọdọ̀ ré òkúta náà kọjá àfi tí òun bá dì mí lọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn òkúta náà ni pèpéle sìmẹ́ńtì wà lábẹ́ igi dongoyárò, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ilé máa ń pé jọ sí lọ́sàn-án. Èmi a jókòó sórí òkúta, ẹ̀yìn mi ní ìdí ògiri, ẹsẹ̀ mi nínú sáúrè, wọn a sì máa ṣeré lójú mi. Ibi tí wọ́n ti rí adájọ́ nìyẹn. Ẹni tí kò lè sáré, tí kò lè gba bọ́ọ̀lù, tí kò sí ní apá ẹnikẹ́ni, ta ni ì bá tún yẹ iṣẹ́ náà? Alikálì ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn ni adájọ́ ní èdè Hausa. Èdè náà ni gbogbo wa jọ ń sọ, bí mo tilẹ̀ ń fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn síbí. Nígbà tó yá, àwọn kan nínú wọn kò rántí orúkọ mi mọ́.

Ọwọ́ Rabi ni gbogbo akọni wa ti ń wá. Ìyá rẹ̀ máa ń ra ìwé àlòkù ní òkìtì òkìtì láti fi di kósáì fún àwọn oníbàárà: ìwé ìdánwò, ìwé ìròyìn, ohunkóhun tí àwọn ará yunifásítì bá ti kó dànù. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, abala kọ́míìkì kan máa ń wà láàrin wọn, abala kan ṣoṣo, tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sì ní òpin. A óò rí akọni tó gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè, a kò sì ní mọ ẹni tó fẹ́ lù. A óò rí ilé tó ń jó, a kò ní mọ̀ bóyá ẹnìkan wọlé lọ gba àwọn tó wà nínú rẹ̀ là. Nítorí pé ìjà kò parí nínú ìwé, àwa ni à ń parí rẹ̀. Orúkọ wọn pàápàá, àwa ni a sọ wọ́n. Sunday, ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ń ṣe dírẹ́bà ní yunifásítì, tó gùn ju gbogbo wa lọ, ló ni Ẹlẹ́sẹ̀-Irin, ọkùnrin kan tó fi ìtàpá kan la ògiri sí méjì. Rabi ló ni Saráúníyà, ayaba kan tó wọ aṣọ búlúù, tó ní ìyẹ́ gbọ̀ọ̀rọ̀ méjì lẹ́yìn. Mi ò ní ẹnikẹ́ni.

Mo gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Mo pinnu pé ohun tí a kò bá rí nínú àwòrán, a kò ní kà á, kódà bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ní òun rí odidi ìwé náà ní ilé ẹ̀gbọ́n òun ní Wusasa. Mo tún pinnu pé ohun tí akọni bá lè bọ́ sílẹ̀ kó fi yá ẹlòmíràn, ẹrù ni, kì í ṣe agbára. Ìpinnu kejì yìí ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ lórí Ẹlẹ́sẹ̀-Irin.

"Irin ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn," ni mo bi Sunday, "ṣé wọ́n bí i mọ́ ọn ni, àbí ó wọ̀ ọ́ bíi bàtà?"

"Wọ́n bí i mọ́ ọn, wàláì!"

"Gbọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń búra wàláì," ni Rabi wí. "Tó bá jẹ́ irin ni wọ́n bí i mọ́, báwo ló ṣe ń ṣe àlùwàlá? Á dípẹtà kó tó di Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀."

"Kì í ṣe àlùwàlá. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ."

"Òjò kì í rọ̀ lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan Sunday. Mo wo àwòrán náà dáadáa. Kò sí okùn, kò sí bọ́tìnì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ márààrún sì hàn lára irin náà. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, kí wọ́n kà á. Ìyá Sàmàrú, tó ń gún kúkà nínú àgbàlá, pè mí láti ibi tó wà: "Àṣàkẹ́, sùúrù ńkọ́? Ṣé ẹ kì í ka sùúrù mọ́ agbára?" Mo ní, "Kò hàn nínú àwòrán, Ìyá." Ọmọ odó rẹ̀ dúró, ó wá ní, "Hẹn. Kò lè hàn lóòótọ́."

Tí ẹjọ́ bá parí, àwọn yòókù a sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá, eruku wọn nìkan a sì kù lójú ọ̀nà. Rabi kì í bá wọn lọ. Á wá jókòó sórí òkúta náà pẹ̀lú mi, ẹsẹ̀ tirẹ̀ níta, ẹsẹ̀ tèmi nínú, èjìká wa á kan ara wọn. Á mú ẹ̀ẹ́rún kósáì jáde láti etí ìró rẹ̀, a óò máa jẹ ẹ́. Kì í béèrè ìdí tí mi ò fi ń jáde. Ohun tó máa ń béèrè ni ìyá mi. "Kí ló máa mú bọ̀ fún ọ?" Mo ní, "Wàrà." Ó ní, "Kò sí wàrà níbí ni?" Mo ní, "Ti Ìlọrin yàtọ̀." Ó ní, "Báwo ló ṣe yàtọ̀?" Mi ò lè sọ bó ṣe yàtọ̀, nítorí mi ò tíì jẹ ẹ́ rí. Bàbá mi ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Rabi mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí mo bá ní kí n ka ohun tí mo ní ní ọdún yẹn tó jẹ́ tèmi gan-an, ìjókòó yẹn ni. Mi ò ní òmíràn.

Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, Sunday kò dúró kí àwọn yòókù pé. Ó dé pẹ̀lú ìbínú, nítorí Saráúníyà ti ń na Ẹlẹ́sẹ̀-Irin láti ìgbà tí ọkà ti wà ní oko. Bí Ẹlẹ́sẹ̀-Irin bá fẹ́ tàpá, ayaba á fò sókè; bó bá sinmi, ayaba á sọ̀kalẹ̀ lé e lórí.

"Mo ní ẹjọ́, Alikálì. Ìyẹ́ yẹn kì í ṣe tirẹ̀."

"Ti ta ni?" ni Rabi bi í. "Ti ìyá rẹ?"

"Ìwọ wò ó! Àwọ̀ ìyẹ́ náà ṣú ju ara rẹ̀ lọ. Ìyẹ́ náà kò tilẹ̀ kan èjìká rẹ̀ dáadáa. Hábà, Rabi! Ẹyẹ wo ló ń ru ìyẹ́ sí ìdí?"

"Ẹyẹ tó ń na tìrẹ lójoojúmọ́ ni."

Mo ní kí Rabi gbé Saráúníyà wá. Ó gbé e fún mi láìbẹ̀rù, nítorí ó fọkàn tán mi. Mo ti fọwọ́ kan gbogbo abala tí a ní, mo mọ bí ìwé ṣe máa ń rí lẹ́yìn tí epo kósáì bá ti gbẹ lára rẹ̀: á le, á sì mọ́ gaara bíi gíláàsì àtijọ́. Èyí nípọn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Mo gbé e sójú oòrùn. Mo fi èékánná wá etí rẹ̀, mo rí ibi tó ti là. Abala méjì ni. Kósáì gbígbóná ni wọ́n ti dì sínú wọn papọ̀, epo lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ó sì gbẹ, a kò sì mọ̀. Mo rọra ṣí wọn. Rabi kò mira. Nígbà tí wọ́n yà, ayaba aláṣọ búlúù wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi, kò sí nǹkankan lẹ́yìn rẹ̀ àfi òfúrufú. Ní ọwọ́ òsì mi ni àwòdì ńlá kan wà lórí igi, tó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ara rẹ̀ ti wà lẹ́yìn aṣọ búlúù láti ọjọ́ yìí, ìyẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń yọ síta.

Sunday fò sókè. "Káì! Àwòdì ló ń bá mi jà látijọ́!"

Rabi kò wò ó. Èmi ló ń wò. "Ó ti pẹ́ tó ti wà lára rẹ̀," ló wí. "Gbogbo yín lẹ fi ojú yín rí i. Kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò bọ́ ọ sílẹ̀ rí. Ìwọ lo bọ́ ọ."

Títí di òní, mi ò tíì gbọ́ ẹnu agbẹjọ́rò kan tó sọ ohun tó dára ju ìyẹn lọ. Mo rò ó. Ó lọ́jú pọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ ohun tí mo lè pàdánù, mo mọ̀ ọ́n dájú, nítorí ojú Rabi ti ń yí padà bí mo ti ń rò ó. Ṣùgbọ́n àwòdì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ìyẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀, a kò lè kà á. Mo ní àwọn ìjà tó ti jà kọjá, kí wọ́n má yí wọn padà. Sunday ní, "Òtítọ́ lo sọ, Alikálì." Gbogbo àwọn tó ti dé ní òtítọ́ ni. Rabi pàápàá ní òtítọ́ ni. Ó gba Saráúníyà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó sì wọlé. Ó fi àwòdì sílẹ̀ fún mi. Àwọn yòókù sáré lọ sí pápá. Mo jókòó sórí òkúta títí tí wọ́n fi pe àdúrà ìrọ̀lẹ́, èjìká mi tutù ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú ilé, ó ń ka ṣéńjì fún àwọn oníbàárà. Mo ní kí Ìyá Sàmàrú jẹ́ kí n lọ bá a níbẹ̀. Ó ń bó iṣu lọ́wọ́.

"Kí lo fẹ́ lọ sọ fún un? Pé o ṣì í?"

"Rárá, Ìyá. Mi ò ṣì í."

"O fẹ́ yí ẹjọ́ padà?"

"Rárá."

"Kí wá lo fẹ́, Àṣàkẹ́?"

"Mo fẹ́ kó wá jókòó."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Mo ti gbọ́ òwe náà rí lẹ́nu àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ti ìyàwó ni mo rò pé wọ́n ń pa á fún. Mi ò mọ̀ pé ó kan ọmọdé. Mo retí pé á tún sọ òmíràn tó máa tú ìyẹn, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe. Kò sọ ọ́. Ó nawọ́, ó fà mí mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ ń run òórùn iṣu. Kò sì jẹ́ kí n lọ.

Wọn kò yé pè mí o. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Iṣẹ́ mi tilẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí wọ́n ti rí i pé mi ò ṣègbè fún ọ̀rẹ́ mi. Àwọn ọmọ ilé kejì ń gbé ẹjọ́ wá. Lọ́jọ́ kan mo fi ìgboyà sọ fún wọn pé mo ti ní akọni tèmi. Ní igun abala kan tí wọ́n fi di kósáì bàbá mi ni mo ti rí i, ìyá arúgbó kékeré kan tó fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn etí. Mo ti pinnu pé agbára rẹ̀ ni pé ibi yòówù kí ènìyàn wà tó bá pè é, á gbọ́. Ì báà jẹ́ Ìlọrin.

"Alikálì kì í jà," ni Sunday wí. Kò fi ìkà sọ ọ́. "Tí o bá ń jà, ta ló máa dájọ́?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó jà lẹ́ẹ̀kan péré. Rabi wà níbẹ̀, ní ìpẹ̀kun pèpéle. Ó wá wò ó, ó sì wò ó pẹ́. Ó ní, "Kò hàn nínú àwòrán. Ó kàn fọwọ́ sétí ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi hàn pé ó gbọ́ nǹkankan." Gbogbo wọn kọjú sí mi, wọ́n ń dúró de ìdájọ́. Mo tún wo àwòrán náà. Òótọ́ ni Rabi sọ. Mo ní a kò lè kà á. Mo ká ìyá arúgbó náà, mo tọ́jú rẹ̀ sí àyà aṣọ mi, mo sì ní kí wọ́n pe ẹjọ́ tó kàn.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òbí Rabi kó lọ sí Funtua. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń di ẹrù, ó wá kí Ìyá Sàmàrú lórí ìkúnlẹ̀, ó sì kí mi náà. Ó ní, "Alikálì, ó dìgbà kan." Òun ló mọ orúkọ mi jù nínú gbogbo wọn. Mo dúró lórí òkúta títí tí ọkọ̀ wọn fi yí kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi dé láti Ìlọrin, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀, kò sì kọrin mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo ti ro ẹjọ́ ìyẹ́ yẹn ní ọ̀nà púpọ̀ láti ìgbà náà. Bí wọ́n bá gbé e wá lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni n óò dá a. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo àgbà inú ilé yẹn ló gbọ́ tí wọ́n ń yìn mí fún òtítọ́, wọ́n sì rí mi lórí òkúta lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó rò pé ohun tí wọ́n fi ń yìn mí ló ń jẹ́ kí n dá jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí olùkọ́ kìlọ̀ fún mi, mo fún Ràfíátù lóúnjẹ, mo sì bi í léèrè ta ni akọni tirẹ̀ nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ń sọ. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìdánwò. "Màmá, adájọ́ kì í ní tirẹ̀ o." Mo ní, "Ní ilé yìí, ó ń ní." Ó jẹun díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ọmọbìnrin kan tó lè sọ ara rẹ̀ di omi. Ó sọ ọ́ títí ọbẹ̀ fi tutù, ọwọ́ rẹ̀ ń fò lókè tábìlì. Mi ò bi í bóyá ó hàn nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́wàá, mi ò sì lè jókòó tì í ní kíláàsì.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí, ẹ̀bẹ̀ kan péré ni mo sì ní. Tí ọmọ kan bá wà láàrin àwọn ọmọ yín, tàbí ní àdúgbò yín, tí gbogbo wọn máa ń sáré tọ̀ lọ kó bá wọn dájọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí àwọn ọmọ yín pè é nígbà tí kò sí ẹjọ́ kankan nílẹ̀.